Okùn Kan, Fọ́nrán Púpọ̀: Ìpààrọ̀ Ọmọ Ẹgbẹ́ àti Ọ̀rọ̀ Ìjẹ́rìí nínú Orin Ẹgbẹ́ Zao

1. Ìfáàrà

Ìbéèrè kan wà tí kò yé dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàrin àwọn tí ń ṣe lámèyítọ́ orin ẹgbẹ́. Ìbéèrè náà ni pé, bí àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ akọrin sílẹ̀ bá lọ tán pátá, ṣé ẹgbẹ́ náà ṣì wà, àbí orúkọ lásán ni ó kù? Ẹgbẹ́ tí àpilẹ̀kọ yìí fi yẹ ìbéèrè náà wò ni Zao, ẹgbẹ́ onígbàgbọ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1993 ní ìlú Parkersburg, ní ìpínlẹ̀ West Virginia, ní orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Inú èdè Gíríìkì ni wọ́n ti mú orúkọ náà. Ohun tí ó túmọ̀ sí ni kí ènìyàn wà láàyè. Síbẹ̀, láti ọdún 2004, kò sí ẹyọ ẹnì kan tí ó ṣẹ́ kù sínú ẹgbẹ́ náà nínú àwọn tí ó dá a sílẹ̀.

Èrò méjì ni ó wọ́pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Èrò kìn-ín-ní ni pé ẹgbẹ́ kò ju àwọn ènìyàn inú rẹ̀ lọ. Bí àwọn wọ̀nyí bá ti lọ, ẹni tí ó bá ń jẹ́ orúkọ náà jí i lò ni. Èrò kejì ni pé orúkọ ni ẹgbẹ́, gẹ́gẹ́ bí adé ti jẹ́ ti ìlú tí kì í ṣe ti orí tí ó dé e. Bí orí bá yí padà, adé kò yí padà. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé èrò méjèèjì kò tó láti fi wọn Zao. Ìdí ni pé kì í ṣe gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ akọrin ní ni ó ṣe é fi sílẹ̀ fún àrólé. Ìlù ṣe é jogún, ọ̀nà ìta gìtá ṣe é jogún, ìwàásù pàápàá ṣe é jogún. Ìjẹ́rìí ni kò ṣe é jogún. Orí ìyàtọ̀ yìí ni ìtúpalẹ̀ tí ó tẹ̀lé e dá lé.

2. Orin hardcore àti ọ̀rọ̀ ìjẹ́rìí

Orin tí wọ́n ń pè ní hardcore jẹ́ ẹ̀ka kan lára orin punk. Ní nǹkan bí ọdún 1980 ni ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní àwọn ìlú bí i Washington, Los Angeles àti New York, láti ọwọ́ àwọn ẹgbẹ́ bí i Black Flag, Bad Brains àti Minor Threat. Ìlù rẹ̀ a máa yára, orin rẹ̀ a máa kúrú, gìtá rẹ̀ a máa ha létí. Akọrin rẹ̀ a máa ké ju bí ó ti ń dárin lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nínú rẹ̀ ni àdéhùn tí ó wà láàrin akọrin àti olùgbọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́ sílẹ̀. Olùgbọ́ a máa retí pé ẹni tí ó ń ké gan-an ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí. Àyè tí ó wà láàrin orí ìtàgé àti ilẹ̀ kì í tó nǹkan. Ẹni tí ó dúró nísàlẹ̀ lè na ọwọ́ gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, kí ó sì bá akọrin ké e. Ní irú ibi bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ àyálò kì í pẹ́ tú. Àwọn Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹnu oníkàn ni a ti ń gbọ́ pọ̀ún. Òwe yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òfin nínú orin hardcore.

Ibí yìí gan-an ni orin hardcore àti ìsìn àwọn onígbàgbọ́ Amẹ́ríkà ti pàdé. Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ, ohùn méjì ni ó máa ń dún láti orí pẹpẹ. Èkíní ni ìwàásù, èyí tí orísun rẹ̀ jẹ́ Ìwé Mímọ́; oníwàásù kan lè dákẹ́ kí òmíràn sì bá ibi tí ó dé dúró máa bá a lọ. Èkejì ni ìjẹ́rìí, èyí tí orísun rẹ̀ jẹ́ ìgbésí ayé ẹni tí ń sọ ọ́. Ẹni tí ó bá dìde jẹ́rìí sí ìwòsàn tí ẹlòmíràn rí gbà, tí ó wá sọ ọ́ bí ẹni pé òun ni ara òun dá, irọ́ ni ó pa.

Ní ọdún 1993 tí wọ́n dá Zao sílẹ̀ náà ni Brandon Ebel dá ilé-iṣẹ́ Tooth & Nail sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ yìí ni ó gbé àwo orin àwọn ẹgbẹ́ hardcore onígbàgbọ́ bí i Focused, Unashamed àti Strongarm jáde. Àjọ̀dún Cornerstone, tí àwùjọ Jesus People USA ń ṣe ní ìpínlẹ̀ Illinois láti ọdún 1984 títí di ọdún 2012, jẹ́ ọ̀kan pàtàkì lára ibi tí irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń ṣeré. Nítorí náà, nígbà tí Zao bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà ti là fún un láti lo ohùn méjèèjì. Ohun tí ó yẹ kí lámèyítọ́ wò ni èyí tí ó lò, ìgbà tí ó lò ó, àti ẹni tí ó wà níbẹ̀ láti lò ó.

3. Ìgbà ìwàásù: 1993 sí 1997

Jesse Smith ni ó ń lu ìlù nígbà ìbẹ̀rẹ̀, Roy Goudy ń ta gìtá, Mic Cox ń ta gìtá báàsì, Eric Reeder sì ni akọrin. Kí ẹgbẹ́ náà tó ṣe àwo orin ńlá rẹ̀ àkọ́kọ́ ni Reeder ti lọ, tí Shawn Jonas sì bọ́ sí ipò rẹ̀. Jonas ni ohùn rẹ̀ wà nínú All Else Failed, tí ó jáde ní ọdún 1995, àti nínú The Splinter Shards the Birth of Separation, tí ó jáde ní ọdún 1997.

Orin ìgbà yìí wúwo, ó sì le. Gìtá a máa rọra wọ́ ìró kan náà títí tí yóò fi di ẹrù sí olùgbọ́ létí, kí ìlù tó já wọ inú rẹ̀ lójijì. Ète ẹgbẹ́ náà kò fara sin rárá. Àkọlé All Else Failed gan-an jẹ́ gbólóhùn ìwàásù: ohun gbogbo yòókù ti kùnà. Olùgbọ́ tí ó bá mọ èdè ìjọ kò nílò kí ẹnikẹ́ni parí gbólóhùn náà fún un. Ó ti mọ Ẹni tí wọ́n yọ sílẹ̀ nínú ìkùnà náà.

Ohun tí ó yẹ kí ènìyàn ṣàkíyèsí ni pé ìpààrọ̀ Reeder sí Jonas kò dá ìjà sílẹ̀ nínú ìtàn ẹgbẹ́ yìí. Díẹ̀ lára àwọn olùgbọ́ ni ó tilẹ̀ ń rántí pé ó ṣẹlẹ̀. Ìdí rẹ̀ kò le láti rí. Ìwàásù ni ẹgbẹ́ náà ń ṣe, ìwàásù kì í sì í ṣe ohun ìní oníwàásù. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ohùn yí padà, ọ̀rọ̀ kò yí padà, nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kò ti inú ìgbésí ayé akọrin wá.

4. Ọdún 1997: fọ́nrán kan ṣoṣo

Lẹ́yìn àwo kejì, ní ọdún 1997, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lọ, ó ku Smith onílù nìkan. Smith kò pa orúkọ náà rẹ́. Ó kó àwọn ọ̀dọ́ mìíràn jọ láti apá ìwọ̀-oòrùn ìpínlẹ̀ Pennsylvania: Daniel Weyandt gẹ́gẹ́ bí akọrin, Russ Cogdell àti Brett Detar lórí gìtá. Ìlú Greensburg ní ìpínlẹ̀ náà sì di ibùjókòó ẹgbẹ́.

Bí ó bá jẹ́ iye àwọn olùdásílẹ̀ ni ènìyàn fi ń ṣírò, ọdún 1997 yóò dà bí ọdún tí kò burú jù, nítorí pé olùdásílẹ̀ kan ṣì kù. Ṣùgbọ́n ìṣirò mìíràn wà. Ẹni tí ó bá ti rí ẹni tí ń lọ́ okùn mọ̀ pé kò sí fọ́nrán kan tí ó gùn láti ìbẹ̀rẹ̀ okùn dé òpin rẹ̀. Ohun tí alọ́kùn ń ṣe ni pé kí fọ́nrán kan tó tán ni ó ti fi òmíràn kún un, kí méjèèjì lè jọ rìn díẹ̀ kí ti àkọ́kọ́ tó dópin. Ibi tí àwọn fọ́nrán bá ti jọ rìn ni agbára okùn wà. Bí wọ́n bá fi ìṣirò yìí wo Zao, ọdún 1997 ni ibi tí okùn náà tín-ín-rín jù lọ, nítorí pé ẹnì kan péré ni ó rìn láti apá kan dé èkejì. Weyandt kò bá Jonas kọrin pọ̀ nínú ẹgbẹ́ náà. Cogdell kò bá Goudy ta gìtá pọ̀ níbẹ̀. Ìlù nìkan ni ó so ìgbà méjèèjì pọ̀, ìlù kì í sì í sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe yẹ kí ó rí.

5. Ìgbà ìjẹ́rìí: 1998 àti 1999

Àwo tí àwọn tuntun wọ̀nyí ṣe, Where Blood and Fire Bring Rest, jáde ní ọdún 1998 láti ọ̀dọ̀ Solid State, ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ Tooth & Nail tí ó wà fún orin líle. Kókó-ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni ikú, ìpínyà àti ìrántí. Àkọlé àwọn orin inú rẹ̀ ti fi èyí hàn kí ènìyàn tó gbọ́ wọn rárá: A Fall Farewell dá lórí ìdágbére, To Think of You Is to Treasure an Absent Memory sì ń pe ẹni tí kò sí mọ́. Ọ̀fọ̀ ni Weyandt ń ṣe. Ohun tí ó dun ni ni ó ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Bí ó ti ń pọ̀ lọ́rọ̀ Weyandt náà ni pé láti orin kan dé òmíràn ni ó ń padà sí ojú oró kan náà.

Ọgbọ́n ìgbékalẹ̀ orin náà bá kókó-ọ̀rọ̀ rẹ̀ mu. Ohùn Weyandt kò nípọn bí ti àwọn akọrin hardcore tí ó wọ́pọ̀. Ó ha, ó sì gbẹ, bí ohùn ẹni tí ẹkún ti mú ní ọ̀fun. Lẹ́yìn igbe líle, gìtá méjèèjì a máa rọ̀ wá sí orin arò tí ó lọ́ra, kí wọ́n tó padà sí igbe. Irú ìgòkè àti ìsọ̀kalẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ọ̀fọ̀ máa ń ní: a bú jáde, a rọlẹ̀, a tún bú jáde.

Ìgbàgbọ́ kò kúrò nínú orin náà, ṣùgbọ́n ipò rẹ̀ yí padà. Ní ìgbà ìwàásù, ìgbàgbọ́ ni ìdáhùn tí wọ́n mú tọ àwùjọ wá. Ní ọdún 1998, inú ìgbàgbọ́ ni akọrin dúró sí láti bèèrè ohun tí kò rí ìdáhùn sí. Àwọn kan ka èyí sí ìfàsẹ́yìn. Ẹ̀sùn náà kò fẹsẹ̀ múlẹ̀, nítorí pé ìwé Jóòbù àti ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú Sáàmù kò rí bí ìwàásù rárá. Igbe ẹni tí ó wà nínú ìpọ́njú ni wọ́n.

Ní ọdún 1999, Detar ti lọ láti gbájú mọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ kejì, The Juliana Theory, Scott Mellinger sì ti wọlé. Àwo tí ó jáde ní ọdún náà ni Liberate Te Ex Inferis, àkọlé èdè Látìn tí ó túmọ̀ sí kí ènìyàn gba ara rẹ̀ là kúrò nínú ọ̀run àpáàdì. Inú fíìmù Event Horizon, tí ó jáde ní ọdún 1997, ni gbólóhùn náà ti wá sí ọ̀dọ̀ wọn. Ìpín márùn-ún ni wọ́n pín àwọn orin rẹ̀ sí, gẹ́gẹ́ bí àwọn òbìrí ọ̀run àpáàdì márùn-ún àkọ́kọ́ nínú ewì ńlá Dante, akéwì ará Ítálì. Ète ìgbékalẹ̀ yìí ṣe kedere: ìbànújẹ́ tí ó jẹ́ ti ẹnì kan tẹ́lẹ̀ gba ilé kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn lè wọ̀. Òbìrí karùn-ún ni wọ́n dúró sí, wọn kò dé ìsàlẹ̀, wọn kò sì jáde. Olùgbọ́ kò rí ìgbàlà tí àkọlé náà ṣèlérí. Ó rí ẹni tí ó ṣì ń bẹ̀bẹ̀ fún un.

6. Àwo kan, ẹ̀ẹ̀mejì: 1995 àti 2003

Láàrin ọdún 2000 sí 2003, ẹsẹ̀ ẹgbẹ́ náà kò dúró lójú kan. Weyandt lọ, ó sì padà. Cogdell náà lọ fún ìgbà díẹ̀. Àwo méjì jáde láàrin rúkèrúdò yìí: èyí tí wọ́n fi orúkọ ẹgbẹ́ pè, ní ọdún 2001, tí wọ́n ti fi ìró ẹ̀rọ kún ti ìlù àti gìtá, àti Parade of Chaos ní ọdún 2002. Ṣùgbọ́n èyí tí ó ṣe pàtàkì jù sí iṣẹ́ yìí ni ti ọdún 2003. Ní ọdún náà ni wọ́n tún All Else Failed kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú àwọn tí ó ṣe àwo ti ọdún 1995, Smith nìkan ni ó kù nínú ẹgbẹ́.

Bí wọ́n bá gbé àwo méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn, èyí tuntun borí ní ti iṣẹ́ ọwọ́. Ìró rẹ̀ mọ́, ìlù rẹ̀ gún, gìtá rẹ̀ sì péye ju ti àtijọ́ lọ. Èyí fi hàn gbangba pé orin ṣe é jogún: àwọn tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀dá rẹ̀ lù ú, wọ́n ta á, ó sì bọ́ sí i. Síbẹ̀, ohun kan sọnù. Àwo ti ọdún 1995 kò jáfáfá, ṣùgbọ́n ẹni tí ń wàásù nínú rẹ̀ gbàgbọ́ pé ẹni tí ń gbọ́ òun lè yí padà ní alẹ́ ọjọ́ náà. Ti ọdún 2003 dà bí ẹni tí ń ka ìwàásù baba rẹ̀ sókè pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ẹnì kan lè ṣe àtakò pé ìjọ a máa kọ orin àwọn tí ó ti kú láti ọ̀pọ̀ ọdún, kò sì sí ẹni tí ó pè é ní àyálò. Àtakò yìí lágbára. Bí ìwàásù bá ṣe é jogún lóòótọ́, gẹ́gẹ́ bí apá kẹta ti sọ, kí ni ó dé tí ó fi tutù ní ọdún 2003? Ìdáhùn ni pé kì í ṣe orin náà ni ó yí padà, àdéhùn ẹgbẹ́ pẹ̀lú olùgbọ́ ni ó yí. Láti ọdún 1998 ni Zao ti kọ́ olùgbọ́ rẹ̀ láti máa retí ìjẹ́rìí. Ẹnu tí ó ti jẹ́rìí sí ọ̀fọ̀ fún ọdún márùn-ún, tí ó wá padà sí gbólóhùn ìwàásù tí ọgbẹ́ kò sí nínú rẹ̀, yóò mú kí olùgbọ́ bèèrè pé ta ni ń sọ̀rọ̀. Nítorí náà, àwo ti ọdún 2003 kì í ṣe ẹ̀rí pé àwọn tuntun kò yẹ fún orúkọ náà. Ẹ̀rí ni pé kò sí ẹgbẹ́ tí ó lè jogún ohun tí òun fúnra rẹ̀ ti kọjá lọ.

7. Ọdún 2004: ìsìnkú àti ìlọ olùdásílẹ̀

The Funeral of God jáde ní ọdún 2004 láti ọ̀dọ̀ Ferret, ilé-iṣẹ́ tí kì í ṣe ti àwọn onígbàgbọ́. Ìtàn kan ni ó gba inú gbogbo àwo náà já: bí ayé yóò ti rí bí Ọlọ́run bá fi í sílẹ̀. Ohùn kẹta ni ẹgbẹ́ náà ń lò báyìí. Kò wàásù, kò sì jẹ́rìí. Ó ń pa ìtàn tí ó dà bí òwe. Àwọn tí ó gbọ́ àkọlé náà nìkan lè rò pé ẹgbẹ́ náà ti sẹ́ ìgbàgbọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò gbà pé ẹnì kan wà nínú ilé kò lè sunkún pé ó ti jáde. Ìbẹ̀rù tí ó wà nínú ìtàn náà kò ní ìtumọ̀ bí kò bá sí ìgbàgbọ́ lábẹ́ rẹ̀.

Ní ọdún yìí kan náà ni Smith fi ẹgbẹ́ sílẹ̀, tí okùn àwọn olùdásílẹ̀ sì já pátápátá. Ó ń wuni láti so ìlọ Smith mọ́ ìtàn inú àwo náà, pé ẹni tí ó dá ilé sílẹ̀ jáde kúrò nínú rẹ̀. Kò yẹ kí lámèyítọ́ sáré gba ọ̀nà yìí, nítorí pé Smith fúnra rẹ̀ ni ó lu ìlù inú àwo náà. Ohun tí ó ṣe é sọ láìṣìnà ni pé ìlọ rẹ̀ kò da ẹgbẹ́ rú tó bí ti ọdún 1997 ti dà á rú. Weyandt ti tó ọdún méje níbẹ̀. Mellinger ti bá Smith ṣe àwo tí kò dín ní mẹ́ta. Cogdell ti padà. Àwọn fọ́nrán ti jọ rìn pẹ́ kí ọ̀kan tó tán.

Ohun tí ó tẹ̀lé e jẹ́rìí sí èyí. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ni Jeff Gretz bọ́ sí ìdí ìlù. Ní ọdún 2006, Steve Albini gba ohùn àwo The Fear Is What Keeps Us Here sílẹ̀ fún wọn; ọ̀nà Albini ni láti gba ohùn ẹgbẹ́ bí ó ti ń dún gan-an láìbò ó mọ́lẹ̀, àwo náà sì fi hàn pé àwọn tí ó kù mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ara wọn. Awake? tẹ̀lé e ní ọdún 2009. Lẹ́yìn ọdún méje tí kò sí àwo orin ńlá, The Well-Intentioned Virus jáde ní ọdún 2016, The Crimson Corridor sì jáde ní ọdún 2021. Orúkọ ilé-iṣẹ́ tiwọn fúnra wọn, Observed/Observed, ni méjèèjì fi jáde. Weyandt, Mellinger, Cogdell àti Gretz ṣì jọ wà níbẹ̀. Ẹgbẹ́ tí wọ́n sọ pé ó ti kú nígbà tí olùdásílẹ̀ rẹ̀ ìkẹyìn lọ ti lo ọdún púpọ̀ láìní olùdásílẹ̀ ju èyí tí ó lò pẹ̀lú wọn lọ.

8. Àgbálọgbábọ̀

Ìtúpalẹ̀ yìí ti gbìyànjú láti fi hàn pé kíka iye àwọn olùdásílẹ̀ tí ó kù kò lè sọ bóyá ẹgbẹ́ wà tàbí kò sí. Nípa ìṣirò bẹ́ẹ̀, ọdún 1997 sàn ju ọdún 2004 lọ. Nípa orin, òdìkejì ni òtítọ́. Ìpààrọ̀ ìgbà ìwàásù kọjá láìpariwo nítorí pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ẹnì kan. Ìpààrọ̀ ọdún 1997 sọ ẹgbẹ́ di òmíràn nítorí pé ẹlẹ́rìí tuntun kò lè fi ẹnu ẹlòmíràn jẹ́rìí, bẹ́ẹ̀ ni kò sì yẹ kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ìpààrọ̀ ọdún 2004 ṣe é fara dà nítorí pé àwọn tí ó kù ti pín ẹrù náà láàrin ara wọn.

Gbèsè kan ṣẹ́ kù sí ọrùn àwọn olùgbọ́ àti àwọn alámèyítọ́. Ó ti di àṣà láti bẹ̀rẹ̀ ìtàn Zao láti ọdún 1998, bí ẹni pé Reeder, Jonas, Goudy àti Cox kò gbé ayé ẹgbẹ́ náà rí. Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n fi ìyè sọ ẹgbẹ́ lórúkọ. Lóòótọ́, ìjẹ́rìí wọn kò sí nínú orin tí ó tẹ̀lé e, kò sì lè sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá di apá ìkẹyìn okùn mú, tí ó sì rí i pé ó yi, kò gbọdọ̀ sọ pé kò sí fọ́nrán níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí lọ́ ọ.